Ẹlẹ́rù àti Ọlọ́kọ̀

Ẹ dúró díẹ̀ ní gáréèjì Ibafo ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ ó rí obìnrin kan tó ti kó àpò gàrí jọ sẹ́bàá títì, tó ń bá awakọ̀ dúnàádúrà odidi ọkọ̀. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti wọ̀, ìgbà tó bá ní kí ọkọ̀ gbéra ni yóò gbéra, ibi tó bá ní kí wọ́n já òun sí ni wọn ó já a sí. Owó ìjókòó tó bá ṣófo, òun náà ni yóò san án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹlòmíràn wà tó gbé báàgì kan ṣoṣo dání, tó ń wọ dáńfó Berger. Owó tirẹ̀ kéré, àmọ́ ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan àfi tó bá kún, ọ̀nà tí dáńfó bá sì gbà lòun náà yóò gbà. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó ni ọkọ̀.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni sátẹ́láìtì Nàìjíríà ti gbà dé òfurufú. Láti ọdún 1999 tí ìjọba ti dá NASRDA, àjọ òfurufú wa, sílẹ̀ ní Àbújá, kò tíì sí rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa tó gbé ẹrù kankan dé ibi tí sátẹ́láìtì ti ń yí ayé po. Gáréèjì ẹlòmíràn la ti ń wọkọ̀, bíi ti Rọ́ṣíà àti ti Ṣáínà. Nígbà kan a wọ dáńfó pẹ̀lú àwọn èrò yòókù, nígbà mìíràn a háyà odidi ọkọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀nà méjì náà wéra nínú ọkàn mi, tí mo ń wò ó pé èwo ló ṣe wá lóore jù, mo sì ti rí i báyìí pé ọkọ̀ nìkan ni mò ń wò láti ọjọ́ yìí, nígbà tó yẹ kí n máa wo ẹrù.

Dáńfó la kọ́kọ́ wọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì Kosmos-3M gbéra ní Plesetsk, lápá àríwá Rọ́ṣíà. NigeriaSat-1 wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú sátẹ́láìtì ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Tọ́kì, ti Kòríà àti ti Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ SSTL ní Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ. Ó tó nǹkan bí 100 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méjì péré, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là.

Fún àwa tí à ń gbé Mowe, ẹ jẹ́ kí n fi pulọ́ọ̀tì ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ lè rí. Àmì kan ṣoṣo nínú àwòrán rẹ̀ gba ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 32, tó sì gùn ní mítà 32. Pulọ́ọ̀tì 60 by 120 tí wọ́n ń tà fún wa fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 18, ó sì gùn ní mítà 36. Pulọ́ọ̀tì kan àti ààbọ̀ ló wọ inú àmì kan. Kò lè rí ilé yín, kò lè rí kànga tí ẹ gbẹ́ sẹ́yìnkùlé. Àmọ́ ó lè rí igbó tó ti di àdúgbò, ó lè rí odò tó kún kọjá bèbè, ó sì lè fi hàn bí ilé ṣe ń jẹ oko lọ láti Ibafo dé Mowe, ohun tí ẹni tó dúró nílẹ̀ ò lè rí tán lójú kan. Ẹgbẹ́ DMC ni wọ́n kọ́ ọ fún. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, bí àjálù bá sì dé bá ẹnikẹ́ni, wọ́n á jọ fi àwòrán ràn án lọ́wọ́. Àáró gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, àwòrán NigeriaSat-1 tiwa wà lára èyí tí wọ́n yà níbẹ̀.

Ti Xichang ní Ṣáínà ni ọkọ̀ tí a háyà. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ìjọba bá China Great Wall Industry Corporation fọwọ́ sí ìwé, iléeṣẹ́ tó ń bá ìjọba Ṣáínà ta iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará òkèèrè. Owó náà lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là, Ṣáínà ló sì yá wa lówó níbẹ̀. NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀, ò jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti Plesetsk rárá. Kílò 5,150 ni, àpò sìmẹ́ǹtì 103. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í wọ dáńfó. Òun nìkan ló wà lórí Long March 3B nígbà tó gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ní aago tiwa. Ní Xichang, òru ti gànjọ́, ọjọ́ 14 sì ti wọlé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìpalẹ̀mọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, torí iná tó ń jó lábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan làwọn èèyàn máa ń wò. Kí sátẹ́láìtì tó kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń mì jìgìjìgì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò lè fara da ìgbọ̀nrìrì rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á mú un tutù, lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé bí oòrùn ṣe ń jó ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni òtútù ń mú ẹ̀gbẹ́ kejì. Tó bá dé ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí nínú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á wọ aṣọ funfun tó bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, torí pé ẹyọ irun kan ṣoṣo tó bá já sílẹ̀ lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Lẹ́yìn náà ló kan epo. Májèlé ni epo sátẹ́láìtì; inú aṣọ tó ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ni àwọn tó ń rọ ọ́ ti ń mí. Nǹkan bí ìdajì gbogbo ìwúwo irú sátẹ́láìtì yẹn ló jẹ́ epo, ìdí rẹ̀ sì yé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé inú Mowe. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó kì í gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ̀bá títì márosẹ̀ ló ń já yín sí, ọ̀kadà lẹ ó gùn wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Long March ṣe: ó já NigComSat sójú ọ̀nà, ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ló gun ìyókù dé kìlómítà 35,786. Níbẹ̀, bí ayé ṣe ń yí lòun náà ń yí, lójú wa ó dà bíi pé wọ́n kàn án mọ́ ojú ọ̀run. Epo tó bá ṣẹ́kù ló ń fi di àyè rẹ̀ mú. Ọjọ́ tí epo bá tán, iṣẹ́ tán.

Ti NigComSat-1 ò tiẹ̀ dé orí epo. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, kò tíì pé ọdún méjì lókè, apá sólà rẹ̀ kọ iṣẹ́, bátìrì rẹ̀ sì ṣófo. Wọ́n tì í kúrò lójú ọ̀nà kó má baà kọ lu ẹlòmíràn.

Ibi tí háyà ti fi agbára rẹ̀ hàn nìyí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tọkàntọkàn. Adójútòfò wà lórí ẹrù náà, ẹni tó tà á fún wa kò sì sá. Wọ́n kọ́ òmíràn, NigComSat-1R, rọ́kẹ́ẹ̀tì irú kan náà gbé e láti Xichang kan náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2011, Nàìjíríà kò sì san owó mìíràn. Tó bá jẹ́ pé sátẹ́láìtì ti ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá owó yẹn la fi há àárín ẹrù ogún nínú dáńfó ni, ta là bá rí dì mú? Ẹni tó bá háyà ọkọ̀ mọ ẹni tó bá ṣàdéhùn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù sí wa lọ́wọ́. Ṣáínà kọ́ àwọn ẹnjiníà wa, wọ́n sì ń darí NigComSat-1R láti Àbújá títí di òní. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, dídarí rẹ̀ la kọ́. Àwọn tó kọ́ sátẹ́láìtì náà wà ní Ṣáínà, àwọn náà ló sì mọ ohun tó pa àkọ́kọ́.

Kí n tó kúrò nídìí gáréèjì, ibi tó wà náà ní iye tó ń gé. Ayé ń yí sí ìlà-oòrùn, ó sì ń gbé wa lọ. Ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, nǹkan bíi mítà 460 ló ń gbé wa sáré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Xichang, tó jìnnà sí agbedeméjì ayé jù wá lọ, ó jẹ́ nǹkan bíi 410. Ní Plesetsk, ó lé díẹ̀ ní 210. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn ń rí eré yẹn gbà bí èènì lórí ọjà, kò sanwó rẹ̀. NigComSat nílò èènì yẹn gan-an. NigeriaSat-1 kò nílò rẹ̀, torí àríwá sí gúúsù lòun ń rìn, ó ń gba ìtòsí òpó ayé méjèèjì kọjá, ìdí nìyẹn tí Plesetsk fi dára fún un. Tó bá jẹ́ èènì nìkan ni, Ifọ̀ ì bá dára ju Xichang lọ: Kourou níbi tí Faransé ti ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane sókè kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ agbedeméjì ayé jù wá lọ. Àmọ́ òkun ló wà ní ìlà-oòrùn Kourou láti gba ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá jù sílẹ̀. Ní ìlà-oòrùn tiwa, Ìjẹ̀bú ni, Oǹdó ni, èèyàn ni. NASRDA ní ibùdó ìmọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn.

Dáńfó kejì ló yí ìwọ̀n padà lójú mi. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ní Yasny ní Rọ́ṣíà, rọ́kẹ́ẹ̀tì Dnepr gbéra. Ohun ìjà ni Dnepr tẹ́lẹ̀, èyí tí Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́ láti fi ju bọ́ǹbù sí ìlú àwọn ọ̀tá. Wọ́n yọ bọ́ǹbù kúrò lórí rẹ̀, wọ́n di ẹrù sí i. Inú kòtò lábẹ́ ilẹ̀ ló ti ń jáde: èéfín gbígbóná á kọ́kọ́ tì í yọ sójú afẹ́fẹ́, ìgbà yẹn ni iná rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn. Sátẹ́láìtì wa méjì wà níbẹ̀ láàárín ti àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀kan ni NigeriaSat-2 tí àmì àwòrán rẹ̀ kò ju mítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Òun lè rí tírélà tó wó sórí títì Èkó sí Ìbàdàn, bí ìlà kékeré tó dábùú ọ̀nà. SSTL ló kọ́ ọ. Ìkejì ni NigeriaSat-X, tí ojú rẹ̀ ò mú tó bẹ́ẹ̀: àmì rẹ̀ jẹ́ mítà 22.

Ẹnu èèyàn kì í sábà dé orí X yìí. Èmi kà á sí èyí tó wúwo jù nínú gbogbo wọn. Àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà tí NASRDA rán lọ sí Guildford ló kọ́ ọ. Àwọn ọ̀gá ní SSTL dúró tì wọ́n, wọ́n sì lo ilé iṣẹ́ wọn, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Àmọ́ àwọn ọmọ wa ló so wáyà pọ̀, àwọn ló dán an wò, àwọn ló wọ aṣọ funfun.

Ẹni tó bá rò pé mò ń gbé ohun kékeré gẹṣin, kó wo Íńdíà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1975, sátẹ́láìtì wọn àkọ́kọ́, Aryabhata, gbéra nílẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Kosmos-3M ló gbé e, irú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé NigeriaSat-1 ní ọdún 28 lẹ́yìn náà. Gáréèjì ẹlòmíràn làwọn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ Aryabhata ní Bangalore. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, bí ọ̀rọ̀ iná ṣe ba ti NigComSat-1 jẹ́. Ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. A lọ bá Ṣáínà, wọ́n fún wa ní òmíràn. Kò sẹ́ni tí Íńdíà fẹ́ lọ bá. Àwọn tó kọ́ ọ ló tún jókòó wá ibi tí iná ti ṣẹ́, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ yẹn wọnú èyí tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Keje ọdún 1980 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn, SLV-3, tó gbé ẹrù dé òkè, ẹrù 35 kílò. Ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dì. Ọkọ̀ dé lẹ́yìn.

Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2015, SSTL tó kọ́ NigeriaSat fún wa gbé sátẹ́láìtì mẹ́ta lọ bá ISRO, àjọ òfurufú Íńdíà, rọ́kẹ́ẹ̀tì PSLV sì bá wọn gbé e. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2017, PSLV kan ṣoṣo gbé sátẹ́láìtì 104. Ti Íńdíà fúnra rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹrù wúwo tó 714 kílò; wẹ́wẹ́ ni ìyókù, ti oníbàárà láti òkèèrè sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ́dún 1975 ti di ẹni tó ni gáréèjì.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọba ti tó gẹ́ẹ́, pé aládàáni ló layé báyìí. Ní agbègbè wa, a mọ ìjà yẹn dáadáa. Ojú irin ìjọba ló sọ Ifọ̀ di ìkóríta láyé àwọn bàbá wa, tí ọ̀nà kan lọ sí Abẹ́òkúta, tí èkejì ya sí Ìdogò. Mowe àti Ibafo ò rí reluwé. Títì márosẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978 àti ọkọ̀ àwọn aládàáni ló kó èrò wá bá wọn. Ìlú mẹ́ta, ọ̀nà méjì, èrò sì kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 tí Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì aládàáni láti òfurufú, ti wọ Nàìjíríà, díìṣì funfun pẹrẹsẹ ti ń yọ lórí òrùlé Mowe. Sátẹ́láìtì tiwọn kò ga ju nǹkan bíi kìlómítà 550 lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ìbéèrè tó gba orí NigComSat lọ, tí ìdáhùn rẹ̀ sì gba ibẹ̀ bọ̀, á gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà nìkan. Ti Starlink á ti lọ á ti bọ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 tó ń gbé wọn lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń padà wá balẹ̀, wọ́n á rọ epo sí i, á tún lọ. Irú rẹ̀ náà ló gbé sátẹ́láìtì yunifásítì FUTA ti Àkúrẹ́, NigeriaEduSat-1, kúrò nílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017: àpótí kílò kan tí kò tóbi tó kóńgò gàrí, tí wọ́n bá àwọn ará Japan kọ́ ní yunifásítì Kyutech. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ọkọ̀ tó ṣe irú oore yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, nígbà tí Starlink kéde pé owó oṣù á kúrò ní 38,000 náírà, á di 75,000, a rí ibi tí a wà. NCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ní kò gbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Èrò inú ọkọ̀ ni wá, ọlọ́kọ̀ ló ń pe iye.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi mí sídìí ìwọ̀n, fún ẹrù ńlá tó gbọ́dọ̀ dúró lójú kan, èmi yóò tún háyà rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọba, nítorí àdéhùn tó ní orúkọ nínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí ìwé tí kò bá sọ iye ẹnjiníà wa tí yóò wà nínú yàrá aṣọ funfun látọjọ́ tí wọ́n bá ti de nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀la kọ́ ni mò ń sọ. Ọdún 15 ni wọ́n kọ́ NigComSat-1R fún, láti ìparí ọdún 2011. Ẹ kà á.

Mo bá ọmọkùnrin kan tó ń so díìṣì gun òrùlé kan ní Mowe lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó kọjú àwo náà sí ìlà-oòrùn, ó yà á díẹ̀ sí gúúsù, ó gbé e sókè dé nǹkan bí agbedeméjì ilẹ̀ àti òkè orí wa. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ké. Mo ní báwo ló ṣe mọ ibi tí NigComSat-1R wà. Ó ní, "Etí ni mo fi ń wá a, ẹ̀gbọ́n." Ó sún àwo náà ní fífẹ̀ ìka kan, igbe náà kú. Ó dá a padà, ó tún ké. Ó wá fi sípánà 13 de nọ́ọ̀tì náà pinpin.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ eléyìí tó wà lókè yìí?"

Mo ní Ṣáínà ni.

"Àwa ò kọ́ ọ̀kankan ni?"

Mo sọ ti NigeriaSat-X fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ àti bó ṣe jáde nínú kòtò ní Yasny. Kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ní kí n tún un pè, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ kí a tó sọ̀ kalẹ̀.